Ìdọ̀tí Tí Wọ́n Fi Ṣàlejò

Inú gọ́tà ni wọ́n ti pàdé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òdòdó àti òṣùpá purọ́ fún yín. Gọ́tà ńlá tó gba ẹ̀yìn ọjà kọjá lọ sínú odò ni mò ń wí, èyí tí omi rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, tí àwọn tó ń gbé létí rẹ̀ kì í ṣí fèrèsé ẹ̀yìn láti ọdún dé ọdún. Ọ̀rá, ike, bàtà ẹsẹ̀ kan, ẹja tó ti rà, tìmùtìmù tí ọmọ kan tọ̀ sí títí tí ìyá rẹ̀ fi gbé e jù nù: gbogbo rẹ̀ ló kóra jọ síbẹ̀, tó ń hó lábẹ́ oòrùn. Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ tán ná.

Ọmọbìnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́, Atẹ̀wé ni wọ́n sì ń pè é. Ẹni tí nǹkan tètè máa ń rí lára ni. Bí eṣinṣin bá bà lé etí ife rẹ̀, ó ti dá tíì náà nù nìyẹn. Bí ẹnìkan bá ń lá ìka nídìí oúnjẹ, á dìde. Ẹ wá wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó lọ darapọ̀ mọ́ Ẹgbẹ́ Ìlú Tó Máa Tọ́jọ́, àwọn ọ̀dọ́ tó ní àwọn fẹ́ kí ìlú dàgbà láìba ti àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn gbọ́ nínú gbọ̀ngàn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé inú gọ́tà ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sínú omi náà pẹ̀lú bàtà òjò, ohun kan tó rọ̀ sì bẹ́ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kò dúró wo ohun tó jẹ́. Ó yíjú padà, ó sì bì gbuuru. Ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ni alága ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe nínú ìsọ̀ kékeré lójú ọ̀nà, ṣòkòtò rẹ̀ ló sì gba gbogbo rẹ̀.

“Áà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” ni Atẹ̀wé wí. Omi ti lé ròrò sí i lójú.

Alága wo ṣòkòtò rẹ̀, ó wo gọ́tà. “Kí ni màá bínú sí? Nínú gbogbo nǹkan tó wà níbí yìí, tìẹ ló mọ́ jù.”

Ẹ̀rín pa ọmọbìnrin náà níbi tó ti ń nu ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó dé bá wọn nìyẹn o.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ náà la ẹ̀ẹ̀rùn já, wọ́n ṣe é la òjò já. Wọ́n fi irin ṣe asẹ́ sí ẹnu gọ́tà kí ó máa dá pàǹtí dúró, wọ́n gbin koríko sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ilẹ̀ má baà ya wọlé, wọ́n sì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n yéé da nǹkan síbẹ̀. Àwọn kan bú wọn. Àwọn kan tú omi abọ́ lé wọn lórí, wọ́n ní àwọn ò rí wọn. Tí ó bá di ìsinmi, Atẹ̀wé àti Alága á jọ jókòó sórí bíríkì, wọ́n á pín búrẹ́dì, àwọn ẹgbẹ́ wọn á sì bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́.

“Ìyàwó Gọ́tà, ṣé o ti jẹun yó?”

“Tí mo bá jẹ́ Ìyàwó Gọ́tà,” Atẹ̀wé á dáhùn, “ta wá ni Gọ́tà?”

Gbogbo wọn á nawọ́ sí Alága, òun náà á sì dìde tẹríba bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ìwọ̀nba ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ẹnu Alága. Kì í ṣe irú àwọn tó máa ń pe ènìyàn ní oyin àti ṣúgà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, omi náà wá dá ṣáká, débi pé obìnrin kan ṣí fèrèsé ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó yọrí síta, ó sì ń fa èémí sínú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ látìmọ́lé. Alága fọwọ́ kan Atẹ̀wé léjìká.

“Ṣé o rí ìsàlẹ̀ omi yẹn?”

“Mo rí i. Òkúta ló wà níbẹ̀.”

“Mo fẹ́ fẹ́ ẹ.”

Atẹ̀wé rò pé òkúta ló ní òun fẹ́. Nígbà tó yé e, ó fi aṣọ bo ojú, ó sì ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi délé.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí. Bàbá Atẹ̀wé, káfíńtà ni, ẹni tí kì í sọ ọ̀rọ̀ kan kó má gbá a mọ́lẹ̀ bí ìṣó.

“Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?”

“Alága ẹgbẹ́ wa ni, Bàbá. Ó tún ń tún fóònù ṣe.”

“Alága kì í ṣe iṣẹ́. Oyè ni. Ṣé oyè lẹ máa sè jẹ?”

Ìyá rẹ̀, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, fọwọ́ bo imú. “Láti àárọ̀ ni mo ti ń fọ egbò ọmọ ọlọ́mọ. Mo délé kí n sinmi, ọmọ mi tún gbé òórùn gọ́tà wọlé wá bá mi. Ó tún fẹ́ gbé e wá gẹ́gẹ́ bí àna!”

Ìyá Alága, onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí ọjà, òun náà kò fẹ́ Atẹ̀wé. “Ọmọ tó bì sí ọ lára lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ pàdé! Kí ló wá kù tí kò ní ṣe sí ọ lára tó bá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ?”

Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ náà kanrí ni àbúrò bàbá Alága, obìnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí, tó ń ta gíláàsì ojú, tí ẹnu rẹ̀ sì dùn débi tó fi lè ta á fún ẹni tí ojú ń ríran kedere. Òun ló di alárinà. Á ti ilé káfíńtà dé ilé onídìrí, á jẹun níbí, á mu omi lọ́hùn-ún, á sì yí ọ̀rọ̀ èébú padà di ọ̀rọ̀ ìkíni kó tó gbé e dé ìhà kejì. Ní ọjọ́ kan, ó sáré wọ ilé ìtẹ̀wé, ó ń mí hẹlẹ.

“Ìyàwó wa, yọ̀! Bàbá ẹ ti gbà.”

“Bàbá tèmi?”

“Tìẹ kẹ̀! Ó ní òun gbọ́ pé ìlú kan lókè òkun bá ìlú wa dọ́rẹ̀ẹ́, pé àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń bọ̀ wá bá ẹgbẹ́ yín lálejò, tí wọ́n sì máa yan ẹnìkan tó máa lọ kọ́ṣẹ́ ìmọ́tótó ìlú lọ́dọ̀ wọn. Tó bá padà dé, iṣẹ́ ìjọba ìlú ń dúró dè é. Bàbá ẹ ní bí àwọn àlejò bá lè yan Alága, ó jẹ́ pé èèyàn gidi ni. Kó wá mú ìyàwó ẹ̀.”

Inú Atẹ̀wé dùn, síbẹ̀ ó béèrè. “Àǹtí, ṣé àwọn tí kò mọ̀ wá rí ló máa wá bá Bàbá mi wo ọkọ mi ni?”

“Ṣé kí wọ́n fẹ́ ẹ fún ọ ni o fẹ́, tàbí kí wọ́n má fẹ́ ẹ fún ọ? Yọ̀, jàre.”

Ó sì yọ̀. Ẹni tí ìfẹ́ ń pa, ṣé ó tún máa ráyè wo ẹnu ẹni tó ní kó gbà?

Kò pẹ́ sí i ni Ògbufọ̀ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́. Tíṣà ni, òun nìkan ló gbọ́ èdè àwọn àlejò náà dáadáa, òun ló sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní, “Wọ́n kí yín. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ yín.”

Àtẹ́wọ́ sọ lálá. Àwọn kan ń jó. Alága nìkan ni ojú rẹ̀ korò, títí tí òun àti Atẹ̀wé fi rìn dé etí gọ́tà.

“Kí ni wọ́n máa wá wò?” ló béèrè.

“Iṣẹ́ wa kẹ̀. Iṣẹ́ náà rèé.” Atẹ̀wé nawọ́ sí omi tó ń ṣàn lórí òkúta.

“Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́, omi lásán ni. Iṣẹ́ ni wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wò. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n fẹ́ rí wa lẹ́nu iṣẹ́, nínú ẹ̀gbin. Gbogbo fọ́tò tí mo ti rí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń yà á. Ta ló máa wọ ọkọ̀ òfuurufú nítorí gọ́tà tó mọ́?”

Atẹ̀wé rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn àlejò dé, ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ tó ti lọ̀ dáadáa, ó sì bá wọn wọ bọ́ọ̀sì láti ilé àlejò. Wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ bíi tirẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń yọrí lójú fèrèsé. Ọ̀gá wọn, obìnrin gíga kan tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ń bi Ògbufọ̀ ní ìbéèrè lórí ìbéèrè. Bí bọ́ọ̀sì ṣe yà sí ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà ni òórùn náà wọlé bá wọn. Atẹ̀wé kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ akólẹ̀ ló ń kọjá. Àfi ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ gbà mí! Gọ́tà ti kún fọ́fọ́. Ìrẹsì kíkan, ìtẹ̀dí ọmọ tó ti wú, ìfun adìyẹ, ike, ọ̀rá dúdú tó ń jò láti ìdí, gbogbo rẹ̀ tuntun, tí eṣinṣin ṣù bò ó. Koríko tí wọ́n gbìn ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo fèrèsé ti padà tì. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dúró, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Alága nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀ nínú bàtà òjò tuntun, tó ń pín ìbọ̀wọ́ fún àwọn àlejò.

“Kí ló ṣẹlẹ̀ síbí?” Atẹ̀wé fa apá rẹ̀.

“Òjò ló gbé e wá.”

“Òjò wo? Ibo ló ti rọ̀?”

“Jọ̀ọ́, wọ inú omi. Rẹ́rìn-ín. Ṣé o ò mọ ohun tó wà nílẹ̀ lónìí ni?”

Ó mọ̀ ọ́n. Ilé tí wọ́n fẹ́ jọ gbé, ọmọ tí wọ́n fẹ́ jọ bí, ẹnu bàbá rẹ̀ tó ti rọ̀: gbogbo rẹ̀ ló wà nílẹ̀. Ó gbé ìríra rẹ̀ mì, ó sì wọlé. Ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kó sínú ohun kan tó gùn bí okùn. Ó fà á, ó ń bọ̀, kò tán. Irun ni. Irun orí ènìyàn tó ti lọ́ mọ́ra, tí ìpara ìdìrí lẹ̀ mọ́, tí ìdin sì ń rìn láàárín rẹ̀. Àwọn ibì kan nínú rẹ̀ pupa fòò. Irun pupa yẹn, ó mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí Àǹtí mú un lọ kí ìyá Alága, ó jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìyá náà ń gé e kúrò lórí obìnrin kan, ó sì ń gbá a jọ sí ìdí ìlẹ̀kùn.

Ó gbójú sókè wo Alága. Alága gbójú kúrò.

Èébì gbé e. Ó bì sórí ọwọ́ ara rẹ̀, irun náà ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ àlejò kan ya fọ́tò.

Ní àkókò yẹn ni ọ̀gá àwọn àlejò gòkè sí etí gọ́tà, tó bá Ògbufọ̀ sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ojú rẹ̀ dàrú. Ògbufọ̀ kọjú sí Alága.

“Wọ́n ń béèrè pé níbo ni èyí tó mọ́ wà.”

“Èyí tó mọ́ wo?”

“Wọ́n ní gọ́tà tiwọn nílé dí báyìí, omi ń ya wọ ilé àwọn ènìyàn. Wọ́n gbọ́ pé ẹ̀yin ti ṣe tiyín tán. Òun ni wọ́n wá wò, kí wọ́n lè lọ ṣe tiwọn bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni mo ní wọ́n ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ yín.”

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi, ẹnu Alága ṣí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló kù kó sọ. Ì bá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, a ṣì yín gbọ́,” ọ̀ràn ì bá parí síbẹ̀, wọ́n ì bá fi ṣe ẹ̀rín jẹ. Ṣùgbọ́n ó wo àwọn àlejò, ó wo pàǹtí tó yí wọn ká, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Sọ fún wọn pé kò tíì sí èyí tó mọ́. À ń bẹ̀rẹ̀ ni.”

Atẹ̀wé gbọ́ ọ. Irun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti kó o nírìíra, ṣùgbọ́n kò tó ti ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin tó ń fa èémí lójú fèrèsé, búrẹ́dì orí bíríkì, òkúta ìsàlẹ̀ omi, “mo fẹ́ fẹ́ ẹ”: Alága fi ẹnu ara rẹ̀ ní kò sí. Pẹ̀lú ẹ̀rín!

“Ògbufọ̀, ẹ sọ fún wọn pé irọ́ ni,” ni Atẹ̀wé wí láti inú omi. “Ibi tí wọ́n dúró sí yìí gan-an ni. Àná ló ṣì mọ́.”

Ògbufọ̀ wo Alága, ó tún wo ọmọbìnrin náà. “Ṣé o fẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ sọ ọ́.”

Ó mọ ohun tó ń jù nù. Kò ṣèèṣì. Ògbufọ̀ sọ ọ́. Obìnrin gíga náà wo omi, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì béèrè ohun kan.

“Ó ní ta ló wá da èyí síbí?” ni Ògbufọ̀ wí.

Atẹ̀wé ò lè dárúkọ Alága, Alága ò sì dárúkọ ara rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, àwọn àlejò ti kó ẹrù wọn.

Ẹ bá mi wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé. Bàbá káfíńtà gbá tábìlì. “Ẹnu ara ẹ lo fi ba ti ara ẹ jẹ́! Ọkọ ẹ ń bọ̀ wá deèyàn, o yọ ọ́ lẹ́sẹ̀.” Ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì tí kò fẹ́ gbóòórùn gọ́tà ní ìjọsí, òun náà ló ní, “Pàǹtí ni, kì í ṣe òkú èèyàn. Kí ló wá le níbẹ̀?”

Àǹtí wá, kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. “Ìyàwó wa, o dá mi lágara. Ǹjẹ́ o mọ̀ pé ìyá Alága tí kò fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, òun ló bá a ti ọmọlanke láàárọ̀ kùtùkùtù yẹn? Àtàn ni wọ́n ti kó pàǹtí náà. Nígbà tí kò tó, ó ní kó wá gbá ṣọ́ọ̀bù òun kún un. Nítorí tìẹ! Ta ló fẹ́ràn ẹ tó bẹ́ẹ̀?”

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni.”

“Dìde, jẹ́ kí n mú ẹ lọ tọrọ àforíjì.”

“Lọ́wọ́ ta ni?”

“Lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ̀! Ṣé o ò mọ̀ pé o dójú tì í ni?”

Kò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó sùn. Ó ń fọ ọwọ́ títí awọ rẹ̀ fi bó, ó ṣì ń rò pé òun ń gbóòórùn ìpara irun yẹn. Nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ń ki ìwé bọ̀ ọ́ sódìsódì, ọ̀gá rẹ̀ ń pariwo. Bí ẹsẹ̀ kan bá dún lẹ́nu ọ̀nà, á gbójú sókè. Á ní nínú ara rẹ̀ pé: nítorí mi ló ṣe ṣe é. Á tún ní: tó bá jẹ́ nítorí mi ni, kí ló dé tí kò bi mí? Ó wá rí i pé òun ti ń gba ẹjọ́ rẹ̀ rò, ara rẹ̀ sì wá kó o nírìíra lọ́tẹ̀ yìí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹsẹ̀ tó ń retí dún. Alága wọ ilé ìtẹ̀wé, ó ti rù.

“Mo ti kó gbogbo ẹ̀ kúrò,” ló wí. “Omi ti ń lọ.”

“O ṣeun.”

“Bú mi, jọ̀ọ́. Kí lo ń dúpẹ́ fún?”

Atẹ̀wé pa ẹ̀rọ. “Bí o ṣe dà á, ó yé mi. O ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yé. Èyí tí kò yé mi ni èkejì. Nígbà tí wọ́n béèrè èyí tó mọ́, kí ló dé tí o ní kò sí?”

Alága ní, “Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi mí ṣe. Mi ò rò ó rí láyé mi pé èèyàn lè ti ọ̀nà jíjìn wá wo nǹkan tó dáa lọ́wọ́ wa. Ìyà wa ni mo rò pé wọ́n máa ń wá wò.”

Òtítọ́ ni. Ó hàn lójú rẹ̀ pé òtítọ́ ni, ó sì dun Atẹ̀wé ju irọ́ lọ.

“Èmi ńkọ́? Ṣé mo dáa?”

“Ìwọ? O dáa ju ohun gbogbo lọ.”

“Tí àlejò bá wá wò mí lọ́jọ́ kan, kí ni wàá kọ́kọ́ dà sí mi lára?”

Ohùn Alága wọlẹ̀. “Jẹ́ kí n mú àwọn èèyàn mi wá sílé yín. Jẹ́ ká sọ ọ́ tán níwájú gbogbo wọn.”

Inú Atẹ̀wé dùn. Ó rò pé Alága fẹ́ wá jẹ́wọ́ ni. “Ẹ máa bọ̀,” ló wí.

Wọ́n wá ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi. Onídìrí jókòó sórí àga gígùn, ó gbé báàgì lé itan. Alága jókòó tì í. Bàbá káfíńtà ti wọ aṣọ tó dáa jù, ìyá ti gbé tíì kalẹ̀. Àǹtí ló sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti padà dùn.

“Ayọ̀ ni mo gbé wá. Àwọn àlejò ti bá Ògbufọ̀ sọ̀rọ̀. Ó dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò tíì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní tí ọmọ tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn bá lè ṣàlàyé fún àwọn, àwọn á tún ọ̀rọ̀ Alága gbé yẹ̀ wò. Ohun tá a rò rèé: kí ìyàwó wa kàn sọ pé Ògbufọ̀ ló ṣi ọ̀rọ̀ òun túmọ̀. Pé gọ́tà mìíràn lòun ní lọ́kàn. Ó parí! Ọ̀rọ̀ èdè ni, ta ló máa wádìí?”

“Ṣé o rí i?” ni Bàbá káfíńtà wí. “Gbólóhùn kan péré. Tí o bá ti sọ ọ́, ẹ dá ọjọ́ ìgbéyàwó, mi ò lọ́rọ̀ mọ́.”

“Èmi náà ò ní,” ni ìyá rẹ̀ wí.

“Mo ti gbà á lọ́mọ,” ni onídìrí wí. “Mo ti gbàgbé ti èébì pàápàá.”

Ẹ wo gbogbo wọn! Àwọn tí kò gbà fún un láti ọjọ́ yìí wá, gbogbo wọn ti gbà tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n sì fẹ́ fi Ògbufọ̀ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni dí gọ́tà dípò pàǹtí. Tíì ọwọ́ Atẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí i. Ó gbé e sílẹ̀. Alága nìkan ló kọjú sí.

“Ìwọ náà gbà bẹ́ẹ̀?”

Alága ń wo ilẹ̀. “Tí mo bá ti lọ, tí mo ti bọ̀, tí a ti fẹ́ra wa, gbogbo ẹ̀ á di ìgbàgbé.”

“Wò mí lójú. Ṣé o gbà?”

Ó wò ó lójú. “Mo gbà. Mi ò fẹ́ pàdánù ẹ.”

Omi bọ́ lójú Atẹ̀wé, kò nù ún. “Ẹ̀yin òbí mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ ẹ mọ́.”

“Ṣé orí ẹ pé?” ni bàbá rẹ̀ kígbe.

“Ó pé, Bàbá. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Títí di bí mo ṣe jókòó yìí, tó bá mí, mò ń gbọ́ ọ. Ìfẹ́ yẹn gan-an ló ń rí mi lára. Tí mo bá fẹ́ ẹ, lẹ́yìn Ògbufọ̀, ta ló kàn? Màá máa rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀gbin títí tí kò fi ní rí mi lára mọ́. Ìyẹn ni mo bẹ̀rù.”

Onídìrí pòṣé, ó dìde. “Nítorí irun lásán! Ẹ jẹ́ ká máa lọ.” Àǹtí kó àpò gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń mi orí. Alága dìde kẹ́yìn. Ó dúró díẹ̀ níwájú Atẹ̀wé, ó nawọ́ bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án, kò sì kàn án. Ó jáde. Bàbá káfíńtà gba ẹ̀yìn lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ tó ń gbá nǹkan tí kò nílò ìṣó.

Ó wá ku ìyá àti ọmọ. Atẹ̀wé ti dìde láìmọ̀, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀yìn Alága tó ń lọ lójú títì, tí kò wẹ̀yìn, tí èjìká rẹ̀ ti sọ̀. Nọ́ọ̀sì ni ìyá yìí, ó mọ ara ènìyàn, ó rí bí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ṣe ń yọ́ síwájú.

“Ṣé kí n pè é padà?” ló béèrè jẹ́jẹ́.

“Ẹ má pè é, Màámi,” ni Atẹ̀wé wí. “Ẹ dì mí mú. Ẹ dì mí mú dáadáa títí á fi rìn dé ibi tí mi ò ti ní lè sáré bá a.”